Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tó ń ra fóònù àlòkù ní Ilé-Ifẹ̀: ẹ má fi síìmù yín lé ọlọ́jà lọ́wọ́

Ẹ̀yin ará Ilé-Ifẹ̀, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ máa ń ti ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wá ra fóònù nígboro, ìkìlọ̀ yìí kàn yín gan-an. Láàrin àwọn tó ń pàtẹ fóònù àlòkù láti Lágeré títí dé Sábó, a rí àwọn kan tí wọn kò ní ṣọ́ọ̀bù, tí wọn kì í kọ rìsíìtì, tí ibi tí wọ́n bá sì jókòó sí lónìí kì í ṣe ibẹ̀ ni ẹ óò ti rí wọn lọ́la. Mi ò pe gbogbo ẹni tó ń pàtẹ fóònù ní olè, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ló ń fi òtítọ́ jẹun, àwọn gan-an sì ni ìwà àwọn oníjìbìtì yìí ń bà lórúkọ jẹ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé owó fóònù kọ́ ni àwọn wọ̀nyí gbójú lé; síìmù ẹni tó wá rà á ni wọ́n ń wá.

Wọn yóò pe iye tó dín díẹ̀ sí ti àwọn oníṣọ́ọ̀bù, wọn kì í sì í dín in jù, kí ara má baà fu oníbàárà. Bí oníbàárà bá ń fi kóòdù báńkì sanwó lórí fóònù rẹ̀ àtijọ́, ojú wọn wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí yóò fi tẹ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ tán. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò ní kí ó jẹ́ kí àwọn bá a ti síìmù bọ inú fóònù tuntun, wọn yóò sì máa sọ̀rọ̀ bátìrì àti kámẹ́rà fún un bí ọwọ́ wọn ti ń ṣiṣẹ́. Síìmù ilé-iṣẹ́ kan náà jọra bí ìbejì, nítorí náà bí wọ́n bá fi òkú síìmù pààrọ̀ tirẹ̀, ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n.

Obìnrin kan ládùúgbò wa tó ń ta ata kó sí wọn lọ́wọ́ láìpẹ́ yìí. Ọmọkùnrin tó ta fóònù fún un dọ̀bálẹ̀ kí i, ó ń pè é ní Mọ́mì, ó sì tún fi àpò fóònù ṣe èènì fún un. Nígbà tí fóònù kò gbé nẹ́tíwọ̀kì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kò fura rárá, torí pé kò sí ẹni tí nẹ́tíwọ̀kì kò tíì dá lóró rí nílùú yìí. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n sọ fún un ní ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ náà pé orúkọ ẹlòmíràn ló wà lórí síìmù inú fóònù rẹ̀. Kí ó tó dé báńkì, wọ́n ti gbọ́n àpò owó rẹ̀ gbẹ, wọ́n sì ti fi láìnì rẹ̀ yá owó ìpè tí òun ni yóò san án. Ó gba láìnì náà padà, síbẹ̀ owó ìpè tó bá fi sí i kì í pẹ́ tán, àṣé wọ́n ti fi orúkọ rẹ̀ sínú ètò orin àti ìròyìn bọ́ọ̀lù tó ń gé owó lójoojúmọ́. Rìsíìtì ni ọlọ́pàá kọ́kọ́ béèrè. Kò ní in.

Fóònù tí wọ́n tà fún un pàápàá lè jẹ́ èyí tí jágùdà fà yọ lápò ẹlòmíràn. Àwọn àgbà ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀, òfin Nàìjíríà náà sì ka ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ gba ẹrù olè sí ọ̀daràn. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ tẹ *#06# lórí fóònù náà, kí ẹ sì fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù tí yóò gbé jáde, tí ó jẹ́ ẹyọ 15, wé èyí tó wà lára páálí rẹ̀. Bí fóònù náà bá ń lo síìmù méjì, nọ́ńbà méjì ni ẹ óò rí. Ẹ tún ní kí ọlọ́jà nu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ lójú yín, kí ó sì tàn án padà. Bí fóònù bá ń béèrè ímeèlì ẹni tó kọ́kọ́ ni ín, tí ọlọ́jà kò sì mọ̀ ọ́n, ẹ dìde níbẹ̀.

Ní ti síìmù, ọwọ́ yín nìkan ni kí ó máa wà. Síìmù àtijọ́ tí kò so mọ́ báńkì kankan ni kí ẹ fi dán fóònù wò. Bí kò bá sí irú rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ka nọ́ńbà gígùn tí wọ́n tẹ̀ sára síìmù yín, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó kúrò nídìí tábìlì. Ẹ tún lè fi PIN ti síìmù fúnra rẹ̀ nínú ètò fóònù, èyí tí mo rò pé ó wúlò ju títi ojú fóònù lọ, nítorí olè tó bá yọ síìmù náà sínú fóònù mìíràn yóò bá ìlẹ̀kùn ní títì: bí ó bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, PUK, ìyẹn nọ́ńbà tí a fi ń ṣí síìmù tó ti tì, ni yóò máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ ẹ béèrè PIN tó bá síìmù yín wá lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má baà fi ọwọ́ ara yín tì í pa.

Bí nẹ́tíwọ̀kì bá kọ̀ láti wọlé lẹ́yìn tí ẹ ra fóònù, ẹ má dúró di ọ̀la. Ẹ yá fóònù ẹni tó ń lo ilé-iṣẹ́ kan náà, kí ẹ pe 300, tí í ṣe nọ́ńbà tí gbogbo ilé-iṣẹ́ fóònù ń lò láti ọdún 2023, kí ẹ sì ní kí wọ́n ti láìnì náà. Láìnì ni mo fi ṣáájú báńkì, torí pé orí rẹ̀ ni nọ́ńbà tí báńkì fi ń jẹ́rìí owó ń wọlé sí. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni kí ẹ pe báńkì, kí ẹ sì lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ètò tí ń gé owó ìpè, *305# ni ẹ óò fi dá a dúró. Ìpolówó tí ẹ kò béèrè, ẹ fi STOP ránṣẹ́ sí 2442. Bí ilé-iṣẹ́ náà kò bá dá owó tí wọ́n gé láìtọ́ padà, ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn yín lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì pe NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù, lórí 622, nítorí ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ bi yín ni bóyá ẹ ti fi ẹjọ́ sùn lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ náà.