Oṣù mẹ́rin nínú kíláàsì èdè Ukraine orí Zoom: ohun tó dáa níbẹ̀ àti ohun tó bí mi nínú

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kí ẹni tó ń kánjú lè rí i: máàkì 4 nínú 5 ni mo fún wọn, mo jèrè owó mi, èdè náà sì ti ń yọ̀ lẹ́nu mi. Ẹyọ kan tí mo yọ kúrò, mo máa sọ ìdí ẹ̀ níwájú, torí ọ̀rọ̀ yẹn ò kéré lójú mi rárá.

Kharkiv, ìlú ńlá kan ní ìlà-oòrùn Ukraine, ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ìwé dókítà. Ẹni tó bá gbé Kharkiv kí ogun tó dé á mọ̀ pé èdè Rọ́ṣíà ló pọ̀ jù lẹ́nu èèyàn níbẹ̀, nínú tíréènì abẹ́ ilẹ̀, nínú ọjà Barabashovo, lẹ́nu àwọn tíṣà wa pàápàá tí wọ́n bá ti jáde ní kíláàsì, bodè Rọ́ṣíà ò sì ju nǹkan bí 40 kìlómítà sí wa lọ. Èdè Rọ́ṣíà yẹn ni mo kọ́, ọkàn mi sì balẹ̀ pé mo ti gbọ́ èdè ìlú. Nígbà tí bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ní 24 oṣù kejì 2022 a wọ tíréènì a gba ọ̀nà ìwọ̀-oòrùn lọ, nígbà tí mo wá padà láti parí ìwé mi, Lviv ní ìwọ̀-oòrùn, níbi tí èdè Ukraine ti gbilẹ̀, ni mo padà sí, Lviv yẹn ló là mí lójú.

Bàbá àgbàlagbà kan ni mo ń bá sọ̀rọ̀ ní wọ́ọ̀dù. Mo fẹ́ sọ fún wọn pé kí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ kan lo oògùn tí a fún wọn. Nedelya ni wọ́n ń pe ọ̀sẹ̀ lédè Rọ́ṣíà, mo bá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bàbá wò mí títí, wọ́n wá ní ṣé ọjọ́ Àìkú nìkan ni kí àwọn máa lò ó ni? Nedilia lédè Ukraine, ọjọ́ Àìkú ni. Tyzhden ni ọ̀sẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló tètè bá mi tún un ṣe. Oògùn antibiotic ni o, ẹ sì mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ téèyàn ò bá lò ó pé. Mi ò sùn lóru ọjọ́ yẹn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá kíláàsì kiri.

Orí Telegram ni mo ti rí eléyìí. 1,600 hryvnia (owó Ukraine) lóṣù, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú àti ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta, wákàtí kan àtààbọ̀ lẹ́ẹ̀kan, a ò sì ju èèyàn méjìlá lọ lórí Zoom. Ẹni tí ogun lé kúrò nílé ò ní san kọ́bọ̀. Mo rò pé àwọn àlejò bíi tèmi ni mo máa bá níbẹ̀. Àṣé èmi nìkan ni àlejò! Ọmọ Ukraine ni gbogbo àwọn tó kù, ìyá kan láti Mariupol, ọkọ̀ ni bọ̀dá kan ń wà ní Sloviansk tẹ́lẹ̀, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ẹ́ńjìnníà ní Kramatorsk, ọmọbìnrin méjì láti Odesa, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n gbọ́ èdè Ukraine dáadáa o, wọ́n lè kà á, wọ́n sì lè wo ìròyìn lédè náà, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kí wọ́n sọ ọ́ jáde ahọ́n wọn á lọ́, torí èdè Rọ́ṣíà ni wọ́n fi tọ́ wọn dàgbà. Ó yà mí lẹ́nu pé onílé ń kọ́ èdè ilé ara ẹ̀ lórí Zoom.

Tíṣà wa kejì (mo ń bọ̀ lórí ti àkọ́kọ́) ló jẹ́ kó yé mi. Ọmọ Luhansk ni wọ́n, wọ́n kúrò níbẹ̀ ní 2014, àwọn fúnra wọn ti dàgbà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Ukraine sọ̀rọ̀. Wọ́n ní Donbas, ìyẹn agbègbè Donetsk àti Luhansk ní ìlà-oòrùn, jẹ́ ilẹ̀ èédú àti irin, ayé ìjọba Soviet ni èèyàn ya wá síbẹ̀ láti ibi gbogbo, èdè Rọ́ṣíà ló sì jẹ́ èdè iṣẹ́, èdè ọ́fíìsì àti èdè ẹni tó bá fẹ́ ga. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní 2001, 29.6% nínú gbogbo Ukraine ló ní èdè Rọ́ṣíà ni èdè abínibí òun, ní ìpínlẹ̀ Donetsk ó wọ nǹkan bíi 75%. Ẹ wá gbọ́ èyí tó mú mi jókòó dáadáa: nínú ìbò 1 oṣù kejìlá 1991, tí wọ́n bi aráàlú bóyá kí Ukraine dá dúró, ìpínlẹ̀ Donetsk yìí kan náà dìbò bẹ́ẹ̀ ni pẹ̀lú nǹkan bí 84%. Crimea nìkan ló ṣẹ́ díẹ̀, ó lé díẹ̀ ní 54%. Ìyẹn ni pé ẹnu wọn ń sọ èdè Rọ́ṣíà, ọwọ́ wọn ń tẹ̀ka fún Ukraine, kò sì sí èyí tó tako èkejì lójú wọn.

Ibi tí kíláàsì yìí ti dáa jù lọ nìyẹn, pé wọn ò kàn kọ́ wa ní gírámà kí wọ́n lọ. Wọ́n á mú ọ̀rọ̀ tó ń dun èèyàn wá, wọ́n á ní ká fi èdè Ukraine sọ ọ́. Ọjọ́ kan a sọ̀rọ̀ òfin èdè. Òfin 2012 gbà kí èdè tí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn àdúgbò bá ń sọ ní àyè tiẹ̀ nínú iṣẹ́ ìjọba ibẹ̀. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n yọ Yanukovych tó jẹ́ ààrẹ, ìyẹn 23 oṣù kejì 2014, ilé ìgbìmọ̀ dìbò pé kí wọ́n fagi lé òfin yẹn. Turchynov tó ń delé ààrẹ ò buwọ́ lù ú, òfin náà sì wà níbẹ̀ títí ilé ẹjọ́ fi wọ́gi lé e ní 2018, ṣùgbọ́n ìròyìn ti jáde, tẹlifísọ̀n Rọ́ṣíà ti gbé e. Bọ̀dá ará Sloviansk ní ìbò ọjọ́ kan yẹn ni wọ́n fi rí èèkù idà dì mú, pé àwọn ará àdúgbò òun tí ò bínú sí ẹnikẹ́ni tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè bóyá wọ́n máa gba èdè lẹ́nu ọmọ wọn. Wọ́n wá sọ ti 12 oṣù kẹrin 2014, bí àwọn ológun aláìlámì ṣe gba tẹ́ṣàn ọlọ́pàá ìlú wọn, tí Girkin tó jẹ́ ọmọ Rọ́ṣíà, tó ti ṣe iṣẹ́ ọtẹlẹ̀múyẹ́ níbẹ̀ rí, ń darí wọn. Girkin fúnra ẹ̀ padà sọ pé òun lòun fa ìbọn tó bẹ̀rẹ̀ ogun náà. Ní Kharkiv wọ́n gbìyànjú irú ẹ̀ lóṣù yẹn kan náà, wọ́n gba ilé ìjọba, wọ́n kéde orílẹ̀-èdè tuntun, nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi máa mọ́, ọlọ́pàá ti kó wọn jáde.

Ẹnikẹ́ni ò parọ́ fún wa níbẹ̀ pé kò sí ẹni tó fẹ́ Rọ́ṣíà o. Ìyá ará Mariupol ní àbúrò kan ní Donetsk tó di ìbò 11 oṣù karùn-ún 2014 tọkàntọkàn, èyí tí àwọn tó fẹ́ ya kúrò lára Ukraine ṣètò níbẹ̀, àwọn méjèèjì ò gbóhùn ara wọn mọ́, àbúrò ti bulọ́ọ̀kù wọn lórí fóònù. Ìyá ń sọ ọ́, wọn ò gbójú sókè. Ṣùgbọ́n èmi béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá ń sọ pé ìtorí àwọn tó ń sọ èdè Rọ́ṣíà ni Putin ṣe wọlé wá: ìlú wo ni bọ́ǹbù ti pọ̀ jù? Mariupol, Kharkiv, Sievierodonetsk, Odesa. Èdè Rọ́ṣíà ni gbogbo àwọn ìlú yìí ń sọ! Àwọn tí mo ń bá kàwé lórí Zoom gan-an ni wọ́n ní àwọn wá gbà là, kò sì sí èyí tó ṣì ń sùn sínú ilé ẹ̀ nínú wọn yàtọ̀ sí àwọn ọmọ Odesa.

Ó yá, tíṣà àkọ́kọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo lò lọ́wọ́ ẹ̀. Ó mọ iṣẹ́ ẹ̀, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, àlàyé ẹ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń pe í àti y ló dáa jù tí mo gbọ́ rí. Ṣùgbọ́n ó ṣe òfin pé ẹni tí ọ̀rọ̀ Rọ́ṣíà bá já bọ́ lẹ́nu ẹ̀ á san 20 hryvnia, owó náà á lọ sápò àwọn sọ́jà. Ó dà bí eré níbẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kan obìnrin kan tọ́mọ ẹ̀ wà lójú ogun ń ka ohun tó kọ, ọ̀rọ̀ Rọ́ṣíà mẹ́ta já bọ́, tíṣà dá a dúró lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ka owó sí i lọ́rùn, ó wá fi kún un pé ẹni tó bá fẹ́ràn Ukraine lóòótọ́ ì bá ti jáwọ́ nínú èdè ọ̀tá tipẹ́. Obìnrin yẹn ò dá a lóhùn. Ó pa kámẹ́rà ẹ̀, kò sì padà wá mọ́ láéláé. Ọmọ ẹ̀ wà nínú kòtò ogun o! Kí ni ẹ fẹ́ kó tún fi ṣe ẹ̀rí?

Irú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti kíláàsì wa nìkan. Ní oṣù kọkànlá 2023 Iryna Farion, ọ̀jọ̀gbọ́n èdè ní Lviv, sọ pé òun ò lè pe àwọn sọ́jà Azov (ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ukraine kan) tó ń sọ èdè Rọ́ṣíà ní ọmọ Ukraine. Inú bí àwọn èèyàn gan-an, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ̀hónú hàn, yunifásítì dá a dúró. Wọ́n padà yìnbọn pa á ní Lviv ní oṣù keje 2024, ohun tí kò yẹ kó ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu. Mo kàn ń sọ ọ́ kí ẹ lè mọ bí ọ̀rọ̀ èdè ṣe gbóná tó ní ilẹ̀ yìí, àti pé àwọn ọmọ Ukraine fúnra wọn ló kọ́kọ́ tako o.

Èmi àtàwọn mẹ́rin mìíràn kọ̀wé sí àwọn tó ni kíláàsì náà. Ó gba ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó dáhùn, wọ́n wá kó wa lọ sọ́dọ̀ tíṣà kejì, wọn ò bẹ̀bẹ̀, wọn ò dá owó ọ̀sẹ̀ yẹn padà, mi ò sì rò pé ẹnikẹ́ni pe obìnrin yẹn láti bẹ̀ ẹ́. Ìdí tí mo fi yọ máàkì kan nìyẹn. Ká ní ọwọ́ tíṣà yẹn ni mo parí sí, 2 ni ǹ bá fún wọn.

Tíṣà kejì kì í bá èèyàn wí. Tí ọ̀rọ̀ Rọ́ṣíà bá já bọ́, wọ́n á kàn fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ti Ukraine tẹ̀ lé e, ìwọ náà á gbé e, ọ̀rọ̀ á máa lọ. Wọ́n fi ẹ̀fẹ̀ kọ́ wa ní àwọn ọ̀rọ̀ tó jọra tí ìtumọ̀ wọn ò jọra, bíi vrodlyva, tó túmọ̀ sí arẹwà obìnrin lédè Ukraine, àmọ́ létí ẹni tó gbọ́ èdè Rọ́ṣíà, bí ẹni pè é ní òbúrẹ́wà ni. A rẹ́rìn-ín títí lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n kọ́ wa ní palianytsia náà, búrẹ́dì tí wọ́n ń ní kí èèyàn pe orúkọ ẹ̀ ní 2022 láti fi mọ ẹni tó ti Rọ́ṣíà wá, bàbá ẹ́ńjìnníà sì pè é dáadáa nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbìyànjú, wọ́n ní látọmọdé làwọn ti ń jẹ ẹ́.

Bàbá yìí kan náà ló sọ pé àwọn ò ní yéé fi èdè Rọ́ṣíà bá ọmọọmọ àwọn sọ̀rọ̀ nínú ilé, èdè ìyá àwọn ni, Putin kọ́ ló ni ín. Mo rò pé ìjà máa dé. Tíṣà ní kò burú, wọ́n ní kí wọ́n wá fi èdè Ukraine sọ gbólóhùn yẹn fún gbogbo wa. Bàbá sọ ọ́. Wọ́n tún un sọ kó lè dán mọ́rán.

Ẹ̀kọ́ tó wúlò jù fún iṣẹ́ tèmi ni ti ṣọ́ọ̀bù àti ọsibítù. Láti 16 oṣù kìíní 2021 ni òfin ti ní kí ẹni tó bá ń tajà tàbí tó ń ṣe iṣẹ́ fún aráàlú kọ́kọ́ fi èdè Ukraine kí oníbàárà, bí oníbàárà bá ní èdè mìíràn ló tẹ́ òun lọ́rùn, tó bá sì yé àwọn méjèèjì, wọ́n lè yí sí i. Ìtanràn wà fún ẹni tó bá tún kọ̀ lẹ́yìn ìkìlọ̀, ó lè jẹ́ 5,100 sí 6,800 hryvnia. A ṣe é bí eré, ẹnì kan oníṣọ́ọ̀bù, ẹnì kan oníbàárà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò mọ̀ pé òfin fún oníbàárà láyè yẹn. Èmi náà ò mọ̀.

Àwọn nǹkan kéékèèké: tí iná bá lọ ní Ukraine kíláàsì á já, wọ́n máa ń ká fídíò sílẹ̀ àmọ́ ó máa ń pẹ́ kí wọ́n tó gbé e sórí Telegram. Tí ẹ ò bá gbọ́ Rọ́ṣíà tàbí èdè tó jọ ọ́ rárá, ẹ má wá síbí, wọ́n máa fò yín sílẹ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ láti a b d. Tó bá jẹ́ Kharkiv, Dnipro, Zaporizhzhia tàbí Odesa lẹ ti kàwé bíi tèmi, ibí gan-an ló yẹ yín, ẹ ṣáà ní kí wọ́n fi yín sọ́dọ̀ tíṣà ará Luhansk.

Àbámẹ́ta tó kẹ́yìn, olúkúlùkù ka ohun tó kọ nípa yàrá kan. Ìyá ará Mariupol ka ti kíṣìnì wọn. Wọ́n ka ti tábìlì, wọ́n ka ti fèrèsé, nígbà tí wọ́n dé orí àjà ilé wọ́n dúró, potolok ló wá sẹ́nu wọn, ti Rọ́ṣíà. Wọ́n gbọ́wọ́ bo ẹnu. Tíṣà sọ ọ́ jẹ́jẹ́, stelia. Ìyá náà ní stelia. Wọ́n wá ka ìyókù, pé stelia ọ̀hún ti wó sórí tábìlì ní oṣù kẹta 2022, pé àwọn ò sí nílé, inú yàrá abẹ́ ilẹ̀ làwọn wà.

Mo ti san owó ìpele tó kàn. Ìyá yẹn náà ti forúkọ sílẹ̀.