Ààrò prepreg l'Ékòó: ẹ ra tòkunbọ̀ ni, àbí ẹ ṣe tiyín?

Àwọn tó ń fi fáíbà àti rẹ́síìnì inú kẹ́ẹ̀gì ṣe bọ́ńpà ní Ládípọ̀ kò nílò ààrò. Kẹ́míkà tí wọ́n pò mọ́ ọn àti ooru Èkó ti tó láti mú un le. Prepreg ò gbà bẹ́ẹ̀. Aṣọ kábọ̀n ni, ilé iṣẹ́ tó ṣe é sì ti rẹ ẹ́ sínú epoxy, irú rẹ́síìnì kan, kó tó dé ọwọ́ yín, epoxy ọ̀hún sì ń dúró de ooru. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ń béèrè 120 sí 130 dígíríì Celsius. Àwọn kan ń le ní 80 sí 90, bí ẹ bá ní sùúrù ọ̀pọ̀ wákàtí. Ti bàálù lè dé 180. Ìwé tó bá ẹrù wá ni kí ẹ kọ́kọ́ kà, torí ààrò 90 àti ààrò 180 kì í ṣe ọjà kan náà.

Ohun mẹ́ta ni ààrò gbọ́dọ̀ lè ṣe. Kí ooru rẹ̀ máa gòkè díẹ̀díẹ̀, dígíríì 1 sí 2 ní ìṣẹ́jú kan. Kí igun rẹ̀ gbogbo gbóná bákan náà, kí ìyàtọ̀ má ju dígíríì 5 lọ. Kí ó ní ihò tí páìpù vacuum (èyí tí pọ́ǹpù fi ń fa afẹ́fẹ́ jáde nínú ọ̀rá tí ẹ fi di iṣẹ́ náà) àti wáyà thermocouple (tó ń wọn ooru) máa gbà wọlé. Bó bá dán, bí kò dán, ìyẹn kò kan prepreg.

Ààrò ilé ìdáná

Ó wà nílé, owó rẹ̀ kéré, ibẹ̀ ni dáadáa rẹ̀ pin. Thermostat rẹ̀ máa ń ṣe ségesège: ẹ yí i sí 120, ó lọ sí 135, ó padà sí 105, ó tún gùn. Èyí tó ń lo gáàsì tún burú jù, torí iná gáàsì ń tú oru omi sínú ààrò, iná gidi sì wà nítòsí ọ̀rá vacuum. Fún pátákó ìdánwò tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, oníná mànàmáná lè ṣe é. Bí ẹ bá ti yan prepreg nínú rẹ̀, ẹ má tún yan ẹran níbẹ̀ mọ́.

Ààrò búrẹ́dì tòkunbọ̀

Èyí ló ń tan èèyàn jù. Ó tóbi, irin rẹ̀ nípọn, ilé búrẹ́dì tó ti kógbá sílé sì lè fẹ́ tà á ní ẹ̀dínwó. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ni ooru rẹ̀ ti ń wá, ọ̀pọ̀ wọn kò ní fáànù, ilẹ̀ inú rẹ̀ sì máa ń di ooru mú títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Ìdí móòdù yín (ohun tí ẹ tẹ́ prepreg lé kó lè mú ìrísí rẹ̀) á ti gbóná kọjá àlà, orí rẹ̀ kò tíì dé ibi kankan. Bí ẹ bá ní ẹ máa yọ iná gáàsì rẹ̀, kí ẹ fi kọ́ìlì, fáànù àti controller (ẹ̀rọ tó ń darí ooru) sí i, ohun tó kù tí ẹ rà ni àpótí irin. Wẹ́dà àdúgbò lè jo àpótí irin fún yín, ní ìwọ̀n tí ẹ fẹ́. Èyí kò yẹ ní rírà, àfi bí wọ́n bá fẹ́rẹ̀ẹ́ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Ààrò powder coating

Àwọn tó ń fi ọ̀dà oníyẹ̀fun kun rim ọkọ̀ ń lo ààrò tó ń dé 180 sí 200 dígíríì, nítorí náà ohun tó ń dá ooru dúró lára rẹ̀ kò ní í bẹ̀rù 120. Ìwọ̀n rẹ̀ lè gba bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá rí èyí tó ń lo iná mànàmáná, tí fáànù rẹ̀ ṣì ń yí, ẹ jókòó ná an dáadáa. Kùdìẹ̀-kudiẹ rẹ̀ ni pé controller rẹ̀ sábà máa ń sáré lọ tààrà sí ibi tí wọ́n yí i sí. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí PID, controller tó ń dín agbára kọ́ìlì kù bí ooru bá ti ń súnmọ́ ibi tí ẹ yí i sí, èyí tó lè tẹ̀lé ètò ìgòkè. Ẹ fi aṣọ tútù nu gbogbo ìyẹ̀fun ọ̀dà inú rẹ̀, torí bí ó bá balẹ̀ sí ibi tí gọ́ọ̀mù tó ń lẹ etí ọ̀rá vacuum mọ́ móòdù yẹ kó dì mú, afẹ́fẹ́ á máa jò.

Ààrò láàbù

Memmert àti Binder láti Jámánì ni orúkọ tí ẹ máa bá pàdé. Ó ní fáànù, ó ń dé 250 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ooru rẹ̀ kì í sì í ṣe ségesège. Fún ẹni tó ń ṣe apá drone, ìbòrí dígí ọkọ̀ tàbí ohunkóhun tí kò gùn ju 45 sẹ̀ǹtímítà, èyí ni mo máa ní kó rà, kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú pẹ̀lú irin jíjó. Ẹ yẹ àkọlé ẹ̀yìn rẹ̀ wò: 230 fóltì ni kó jẹ́. Èyí tó wá láti Amẹ́ríkà lè jẹ́ 120, ẹ ó sì tún ra transformer tó lè gbé e. Kí ẹ tó sanwó, ẹ tàn án sí 120 fún odidi wákàtí kan lójú ẹni tó ń tà á. “Ó ń ṣiṣẹ́ lánàá” kì í ṣe ìdánwò.

Èyí tí ẹ ṣe fúnra yín

Ìgbà tí iṣẹ́ yín bá gùn ni èyí ń borí gbogbo àwọn yòókù. Ẹ jẹ́ ká mú àpótí tí inú rẹ̀ jẹ́ 1.2 × 0.6 × 0.6 mítà. Angle iron láti Owódé Onírin ni egungun rẹ̀, páànù pẹlẹbẹ galvanised (irin tí wọ́n fi zinc bò) ni awọ inú àti ìta, rockwool (òwú tí wọ́n fi òkúta ṣe, tó ń dá ooru dúró) 50 mìlímítà sì wà láàárín. Ẹ fi rivet kan páànù náà mọ́ irin. Ẹni tó bá fi iná jo galvanised níbi tí afẹ́fẹ́ kò sí, èéfín zinc á dá a dùbúlẹ̀. Fóòmù funfun inú páálí tẹlifíṣọ̀n á yọ́. Igi kò gbọ́dọ̀ kan ẹ̀gbẹ́ inú. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí ẹ fi asbestos tí wọ́n tú kúrò lájà ilé àtijọ́ dá ooru dúró, ẹ sá fún un: eruku rẹ̀ ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró.

Kọ́ìlì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣàṣejù. Ògiri àpótí yìí lápapọ̀ jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 3.6. Bí inú bá wà ní 120 tí ìta wà ní 30, ooru tó ń gba ara rockwool jáde jẹ́ nǹkan bí 300 wáàtì. Láti gbé páànù inú àti móòdù, ká ní 40 kìló, gòkè ní dígíríì 2 ní ìṣẹ́jú kan, ẹ fi nǹkan bí 800 wáàtì kún un. Kọ́ìlì 2,000 wáàtì ti tó, ó sì ṣẹ́ kù. Kò ní í fà ju ámpù 9 lọ. Ẹni tó bá fi 6,000 sí i ń ra wàhálà: ooru á máa fò kọjá ibi tí ẹ yí i sí, kọ́ìlì pupa á sì máa jó ọ̀rá vacuum láti ọ̀ọ́kán.

Nítorí náà, kọ́ìlì kò gbọ́dọ̀ rí móòdù sójú. Ẹ fi páànù dá ògiri kejì sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí kọ́ìlì wà lẹ́yìn rẹ̀, kí fáànù máa fa afẹ́fẹ́ gba ibẹ̀ lọ sí òdìkejì àpótí. Abẹ fáànù nìkan ló ń wọ inú; ẹ̀rọ tó ń yí i wà níta, nítorí fáànù kọ̀ǹpútà tí ẹ bá gbé sínú 120 kò ní í pẹ́ kú. Fáànù yìí àti controller ni ibi tí owó yẹ kó lọ.

Fún ìdarí, ẹ ra PID tó ní ètò ìgòkè àti ìdúró, SSR ámpù 40 (swíìṣì tí PID fi ń tan kọ́ìlì, tó sì fi ń pa á) tòun ti irin ìtutù rẹ̀ níta àpótí, àti thermocouple oríṣi K méjì: ọ̀kan nínú afẹ́fẹ́, ọ̀kan lára móòdù níbi tó nípọn jù. Ìgbà tí móòdù bá dé 120 ni ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka wákàtí, kì í ṣe ìgbà tí afẹ́fẹ́ dé ibẹ̀. Bí SSR bá bàjẹ́, ó sábà máa ń bàjẹ́ sí ipò títàn, kọ́ìlì á sì máa gbóná lọ láìdúró. Thermostat mìíràn tó dá dúró, tí ẹ yí sí 140, tó ń já contactor (swíìṣì ńlá tó ń gbé iná dé kọ́ìlì), ni kò ní í jẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù jó. Ẹ má yọ èyí kúrò torí owó.

Ti NEPA ńkọ́?

Band A, ìpele oníbàárà tí iná wọn pọ̀ jù, ń ṣèlérí ó kéré tán 20 wákàtí lóòjọ́. Mẹ́rin tó kù lè bọ́ sí àárín iṣẹ́ yín. Ìgbà tí epoxy bá ń gbóná lọ, ó máa ń ṣàn bí òróró kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Bí vacuum bá lọ ní àkókò yẹn, ihò kéékèèké á kún inú iṣẹ́, kò sí àtúnṣe. Bí ó bá ti dì kí iná tó lọ, àkókò nìkan lẹ pàdánù. Vacuum ni kí ẹ dáàbò bò ṣáájú kọ́ìlì. Pọ́ǹpù ìdajì họ́ọ̀sì ń jẹ nǹkan bí 400 wáàtì. Ẹ gbé òun àti controller sórí inverter, kí jẹnẹrétọ̀ gba kọ́ìlì. Táńkì kọ̀ńpírésọ̀ àtijọ́ pẹ̀lú fáàfù tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ padà á fún yín ní ìṣẹ́jú díẹ̀ láti dé ìdí jẹnẹrétọ̀. Ẹ sì yí PID sí ipò tó máa tẹ̀síwájú láti ibi tó dúró, kó má bẹ̀rẹ̀ láti òdo.

Fíríìsà wà nínú owó yìí pẹ̀lú, torí inú òtútù dígíríì 18 sísàlẹ̀ òdo ni prepreg ń gbé. Bí ẹ bá gbé e jáde, ẹ má tú ọ̀rá rẹ̀ títí ó fi gbóná tó yàrá. Ọ̀rinrin Èkó á di omi lára rẹ̀, omi náà á sì di oru nínú iṣẹ́ yín ní 120.

Èyí tó wù kí ẹ mú, ẹ kọ́kọ́ tàn án lófìfo, kí thermocouple wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti àárín. Bí ìyàtọ̀ bá ju 5 lọ, ẹ yí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde padà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi prepreg ìpele mẹ́rin ṣe pátákó ìdánwò sẹ̀ǹtímítà 10 sí 10, nínú ọ̀rá. Ẹ ti fáàfù tó wà láàárín pọ́ǹpù àti ọ̀rá kí ẹ tó tan ooru: bí gèéjì vacuum bá já ju ínṣì mẹ́kúrì (inHg) 1 lọ ní ìṣẹ́jú 5, gọ́ọ̀mù ọ̀rá ń jò níbì kan. Ẹ wá a.