Kọ́ńbò kíbọ́ọ̀dù tí kò wọ́n jù: Roland KC-150 tòkunbọ̀, láti yàrá ìgbáradì dé òde àríyá

Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, tí ẹ sì ń bá bándì rode lọ́jọ́ Sátidé, ẹ̀yin ni mò ń kọ èyí fún. Kọ́ńbò ni àpótí kan tí ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn ga àti sípíkà jọ wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó Roland KC-600 tuntun nínú páálí, tó ní wáàtì 200 àti sípíkà íǹṣì 15, kó máa gbádùn ara rẹ̀. Àwa tí owó ilé-ìwé ọmọ àti owó kọ́ńbò ń bára wọn du náírà kan náà la ní ọ̀rọ̀ láti bára wa sọ.

Roland KC-150 ni tèmi, tòkunbọ̀. Wọn ò ṣe é mọ́, KC-200 ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n ti àtijọ́ yìí ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta irinṣẹ́ orin tòkunbọ̀. Wáàtì 65 ló ní, sípíkà íǹṣì 12 kan pẹ̀lú twítà kékeré tó ń gbé ohùn òkè. Ojú mẹ́rin ló wà tí èèyàn lè ki wáyà bọ̀, èyí àkọ́kọ́ gba máìkì, olúkúlùkù ló sì ní fọ́líọ́ọ̀mù tirẹ̀. 270,000 náírà ni mo rà á. 350,000 ni ọmọkùnrin tó tà á kọ́kọ́ pè é, mo bẹ̀rẹ̀ láti 200,000, ó ní kí n kúkú gbé e lọ lọ́fẹ̀ẹ́, a sì jọ rẹ́rìn-ín. KC-200 tuntun tí mo béèrè lọ́sẹ̀ yẹn kọjá ìdajì mílíọ̀nù dáadáa, nítorí náà mi ò tilẹ̀ ná an.

Àwọn ọmọ bándì mi béèrè pé kí ló dé tí mi ò ra kọ́ńbò gìtá, èyí tó pọ̀ nígboro, tí owó rẹ̀ sì mọ níwọ̀n. Kọ́ńbò gìtá kì í ṣe tiwa. Sípíkà inú rẹ̀ kì í ní twítà, láti bíi 5,000 Hz (iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan) lọ sókè ló ti ń jọ̀wọ́ ohùn. Wọ́n tún mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó máa fi adùn tirẹ̀ kún ohun tó bá wọlé, ìdí nìyẹn tí gìtá fi ń ta sánsán nínú rẹ̀. Ẹ tẹ ohùn dùùrù sí i, ẹ ó gbọ́ ọ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ látinú ìkòkò. Kíbọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ló ń ṣe dùùrù, ó ń ṣe fèrè, ó ń ṣe kàkàkí, ó tún ń ṣe béésì lọ́jọ́ tí onígìtá béésì bá ní òun wà ní Oǹdó, òun ò lè dé mọ́. Gbogbo ohùn wọ̀nyẹn gbọ́dọ̀ jáde bí wọ́n ṣe wà nínú kíbọ́ọ̀dù, láìsí àfikún. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe kọ́ńbò kíbọ́ọ̀dù fún nìyẹn.

Àwọn sípíkà tí iná aláràbarà ń tàn lójú wọn wá ńkọ́, àwọn tó ní Bluetooth àti rìmóòtù, tí wọ́n kọ wáàtì 5000 PMPO sí lára gàdàgbà? Bándì kan tó jọ ń lo yàrá ìgbáradì pẹ̀lú wa ní irú rẹ̀. Bí onílù bá ṣì ń fọwọ́ pa ìlù lára, ó dùn. Ìgbà tí ìlù bá wá gbóná, tí gbogbo wa bọ́ sí tungba, ohùn kíbọ́ọ̀dù á bẹ̀rẹ̀ sí í ya kẹ́ẹ́rẹ́kẹ́, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ á sì máa wojú wa bíi pé àwa la bà á jẹ́. PMPO kò ní ìlànà kankan tó so gbogbo oníṣẹ́ pọ̀, iye tó bá wu ẹni tó ṣe ẹ̀rọ ló ń kọ. RMS ni kí ẹ béèrè, ìyẹn agbára tí ẹ̀rọ lè gbé láìdúró, wákàtí dé wákàtí. Kí ẹ sì tún mọ̀ pé bí wáàtì bá di ìlọ́po méjì, ariwo kì í di ìlọ́po méjì létí yín, dẹ́síbẹ́ẹ̀lì (òṣùwọ̀n ariwo) 3 péré ló ń fi lé e. Nítorí náà, ìyàtọ̀ wáàtì 60 sí 75 kò tó ohun tí à ń jà sí. Bí sípíkà ṣe tóbi tó, àti bóyá twítà ń bẹ ńbẹ̀, ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ iná ló wá kàn, ibẹ̀ gan-an ni owó àwọn èèyàn ti ń run. Iná tiwa jẹ́ fóltì 230 sí 240. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120, ti Japan jẹ́ 100. Tòkunbọ̀ tó bá ti ọ̀kan nínú ibi méjèèjì yẹn wá, bí ẹ bá kì í bọ iná tiwa tààrà, gbàù ni. Bí Ọlọ́run bá yọ yín, fíúsì nìkan ni yóò lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, tàràsífọ́mà inú rẹ̀ á jóná, owó tí ẹ ó fi wá òmíràn á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó kọ́ńbò.

Kí n tó rí tèmi, mo dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó pàtẹ irinṣẹ́ orin tòkunbọ̀. KC-150 kan náà ló ní, ó mọ́ tónítóní, pílọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tiwa ló sì wà nídìí wáyà rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ fún mi, ohùn dùn. Mo ní kó jẹ́ kí n wo ẹ̀yìn.

“Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fẹ́ wò lẹ́yìn? Ṣebí ẹ gbọ́ ọ bó ṣe ń ké.”

Mo yí i. Lábẹ́ ibi tí wáyà iná ti wọlé, wọ́n kọ AC 117V sí i, irú iná Amẹ́ríkà. Mo wá fojú tọ wáyà náà lọ, ó gba abẹ́ tábìlì kọjá, ó sì já sínú àpótí irin aláwọ̀ eérú kan tí wọ́n fi àkísà bò. Tàràsífọ́mà tó ń bu iná kù ni. Mo ní, “Àbúrò, èyí tó wà lábẹ́ yìí ńkọ́, ṣé ó bá a lọ?” Ó ní ìyẹn kì í ṣe títà. Mo kí i, mo bá tèmi lọ.

Kì í ṣe pé ti 117 kò dára o. Bí wọ́n bá já owó rẹ̀ wálẹ̀ tó, ẹ lè fi ìyókù ra tàràsífọ́mà tí agbára rẹ̀ ju ohun tí kọ́ńbò ń jẹ lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ ronú nípa òde: ẹ ó máa gbé ẹrù kejì kiri, ọmọ iṣẹ́ tí kò mọ̀ á sì fa wáyà kọ́ńbò kúrò nínú àpótí yẹn lọ́jọ́ kan, á kì í bọ ẹ̀kísíténṣọ̀n tààrà. Mi ò fẹ́ irú ìdààmú bẹ́ẹ̀. 230V ni wọ́n kọ sẹ́yìn tèmi.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ gbé kíbọ́ọ̀dù àti wáyà tiyín dání. Ẹ yí fọ́líọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan láti òdo dé òpin láìtẹ ohunkóhun. Bó bá ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹ ṣe ń yí i, eruku ló wọ inú rẹ̀, ohun tó ń ṣe Àbóyadé ni, gbogbo ọlọ́ya ní ń ṣe. Atúnrédíòṣe á fi fínfín tí wọ́n fi ń fọ irú rẹ̀ tún un ṣe láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Bó bá ń dún hùùù gbọnmọgbọnmọ nígbà tí ẹ kò tíì ki nǹkan kan bọ̀ ọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ kọ́kọ́rọ́ ìsàlẹ̀ pátápátá, kí ohùn rẹ̀ ga díẹ̀, kí ẹ sì fetí sí eteetí sípíkà. Sípíkà tó ti ya máa ń gbọ̀n jìgbìjìgbì pẹ̀lú ohùn béésì. Twítà náà ńkọ́? Ẹ gbé etí sún mọ́ ọn, ẹ tẹ ohùn agogo. Púpọ̀ nínú tòkunbọ̀ ni twítà wọn ti kú, tí ẹni tó ń tà á kò sì mọ̀.

Ní yàrá ìgbáradì wa lọ́nà Ọ̀dà ní Àkúrẹ́, tí kò fẹ̀ ju gáréèjì ọkọ̀ kan lọ, kọ́ńbò yìí tó, ó tún ṣẹ́kù. Ìlù sẹ́ẹ̀tì wà ńbẹ̀, gángan wà, gìtá méjì wà, mi ò sì tíì yí fọ́líọ́ọ̀mù àgbà kọjá ìdajì. Máìkì akọrin wa ń wọ ojú àkọ́kọ́, kíbọ́ọ̀dù tèmi ń wọ ojú kejì, fóònù tí a fi ń gbọ́ orin tí a fẹ́ kọ́ ń gba ẹ̀yìn wọlé. Mo máa ń gbé e sórí àga onígi, kí twítà lè kọjú sí etí mi. Bí ẹ bá gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní kọ̀rọ̀ yàrá, béésì á pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ohùn á sì di rúdurùdu. Bó bá ṣe kàn-ń-pá pé kí ó wà nílẹ̀, ẹ yí béésì rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀.

Béésì ọwọ́ òsì ńkọ́? Lórí kíbọ́ọ̀dù oníkọ́kọ́rọ́ 61, kọ́kọ́rọ́ tó wà nísàlẹ̀ jùlọ jẹ́ bíi 65 Hz, kọ́ńbò yìí gbé ìyẹn láìṣe wàhálà. Lórí oníkọ́kọ́rọ́ 88, tí tìsàlẹ̀ jẹ́ 27.5 Hz, ẹ má retí kí àyà yín mì. Ẹ ó mọ ohùn tí ẹ tẹ̀, ẹ ò kàn ní í gbọ́ ìdí rẹ̀. Sípíkà íǹṣì 15 pàápàá ń làágùn níbẹ̀.

Òde wá yàtọ̀ síra. Ìkómọ tàbí ọjọ́ ìbí nínú gbọ̀ngàn kékeré ní Alágbàká tàbí Ìjàpọ̀, ó dá a ṣe, a kò wá ẹlòmíràn kún un. Ṣùgbọ́n ìsìnkú àgbà ní Ìdànrè, lábẹ́ kánópì ní pápá gbangba, tí DJ tún gbé sípíkà gogoro kalẹ̀ lódì kejì? Wáàtì 65 kò tó nǹkan níbẹ̀. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo gbé kọ́ńbò sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kí èmi lè gbọ́ ara mi, mo fa wáyà láti ojú ìjáde rẹ̀ lọ sínú míkísà ẹni tó ń bójú tó ohùn, kí àwọn sípíkà ńlá gbé e fún èrò. Ọ̀nà yẹn ni mo fi gbà pé kò sídìí láti ra kọ́ńbò rẹpẹtẹ. Ariwo àwọn èrò kì í ṣe iṣẹ́ tèmi, etí tèmi ni iṣẹ́ kọ́ńbò.

Wáyà tó ń lọ sí míkísà yẹn lè mú hùùù wá o, pàápàá bí kọ́ńbò bá wà lórí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan, tí míkísà wà lórí òmíràn. Ẹ kó méjèèjì sórí ẹ̀kísíténṣọ̀n kan náà, bó bá kọ̀, ẹ fi DI, àpótí kékeré tó ń so irinṣẹ́ orin mọ́ míkísà, tó ní bọ́tìnnì tí ń já áàtì wáyà ohùn (kì í ṣe ti iná), sáàárín wọn. Àwọn kan á ní kí ẹ gé ẹsẹ̀ áàtì kúrò lára pílọ́ọ̀gì. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ẹni tó fi ètè kan máìkì nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ wà lórí gìtá ni yóò sọ ìyókù ìtàn yẹn fún yín, bó bá ṣì lè sọ ọ́. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní “I pass my neighbour” gbé kọ́ńbò yìí dáadáa, ṣùgbọ́n mo máa ń fi sítábíláísà sáàárín, nítorí iná rẹ̀ a máa ga, a sì máa lọ sílẹ̀. Lórí ẹ̀rọ ínfátà olówó pọ́ọ́kú, ó ń kùn díẹ̀. Kò ba orin jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ ó gbọ́ ọ nígbà àdúrà.

Ẹni tó ń lo kíbọ́ọ̀dù bíi Yamaha PSR-E373, tó jẹ́ pé ihò ìgbétí-gbọ́ (headphone) kan ṣoṣo ló ní fún ìjáde ohùn, kó má ki jákì mónò lásán bọ̀ ọ́. Stéréò ni ihò yẹn, ohùn òsì àti ti ọ̀tún ló ń gbé jáde. Kó ra wáyà tó bẹ̀rẹ̀ ní stéréò kan tó sì parí sí mónò méjì. Kíbọ́ọ̀dù tó bá ní ìjáde méjì, L/MONO ni kí ẹ lò bó bá jẹ́ wáyà kan lẹ ní.

Ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn: kò ní ìró gbọ̀ngàn (reverb, bí ohùn ṣe ń dún padà nínú gbọ̀ngàn ńlá) kankan nínú, nítorí náà ohùn máìkì gbẹ lára rẹ̀. Ti kíbọ́ọ̀dù kò ṣòro, inú kíbọ́ọ̀dù ni reverb tirẹ̀ ti ń wá. Ó sì wúwo. Ọ̀kadà kò ṣe é gbé e, Kẹ̀kẹ́ Màrúwà ni, owó ìjókòó ènìyàn méjì ni wọ́n sì máa ń gbà lọ́wọ́ mi.

Bí ẹ kò bá rí i, Peavey KB 3 sún mọ́ ọn, wáàtì 60 àti sípíkà íǹṣì 12. KB 2, tó jẹ́ wáàtì 40 àti íǹṣì 10, wà fún ìgbáradì àti kíláàsì, ẹ má gbé e lọ bá onílù tó lágbára. Behringer K450FX, wáàtì 45 àti íǹṣì 10, ní ìró gbọ̀ngàn àti òmíràn nínú, ẹni tó ń kọrin tó tún ń tẹ kíbọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ lè fẹ́ràn rẹ̀. KC-150 ni mo ṣì yàn, nítorí sípíkà íǹṣì 12 yẹn àti ojú mẹ́rin.

Ní ti owó, bí ẹ bá rí èyí tí wọ́n kọ 230 tàbí 240 sẹ́yìn rẹ̀, tí sípíkà rẹ̀ kò ya, tí twítà rẹ̀ sì ń ké, ẹ má jẹ́ kó kọjá 300,000 lásìkò yìí. Ti 117, ẹ yọ owó tàràsífọ́mà kúrò nínú rẹ̀ kí ẹ tó là ẹnu. Bó bá sì ṣe KC-350 lẹ bá pàdé, wáàtì 120 lórí sípíkà íǹṣì 12, ẹ lè fi nǹkan kún un, kí ẹ sì tètè sanwó kí n tó débẹ̀.