Sinovuyo Teen: Ìpàdé 14 fún òbí àti ọ̀dọ́langba

Òbí nìkan ni wọ́n sábà máa ń pè síbi ẹ̀kọ́ ọmọ títọ́. Ọmọ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ pàdé wà nílé. Ètò ẹ̀kọ́ ọmọ títọ́ tó ń jẹ́ Sinovuyo Teen pe àwọn méjèèjì, ohun tó mú kí a fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn. Eastern Cape ní Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF sì wà lára àwọn tó ṣe é. Ìwé olùdarí rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ ọdún 10 sí 18 ni wọ́n ṣe é fún. Nínú ìpàdé 14, òbí àti ọmọ jọ ń ṣe 10. Wọ́n á yà wọ́n sọ́tọ̀ fún mẹ́rin tó kù.

Ìdánudúró tí wọ́n ń kọ́ òbí níbẹ̀, ìyẹn dídúró díẹ̀ kí ara lè balẹ̀, kò gba ju ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ jókòó, kí ẹsẹ̀ yín méjèèjì kanlẹ̀, ẹ gbé ọwọ́ lé itan, ẹ di ojú. Ẹ bi ara yín pé: Kí ni mò ń rò? Báwo ló ṣe rí lọ́kàn mi? Ibo ló le lára mi? Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ọwọ́ lé ikùn, kí ẹ máa fọkàn bá èémí bó ṣe ń wọlé tó ń jáde. Ẹ fetí sí ìró tó wà láyìíká kí ẹ tó lajú. Ọ̀pọ̀ òbí máa ń dúró dìgbà tí inú bá ti ru kí wọ́n tó dán an wò, ìdí tí kì í fi í ṣiṣẹ́ nìyẹn. Àárọ̀ tí ara ṣì rọ̀ ni kí ẹ ti fi kọ́ra.

Ìpàdé kẹrin ni Yorùbá máa gbádùn jù, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dárúkọ ohun tó ń ṣe ọkàn, èdè wa sì kún fún un: inú ń bí mi, ojú ń tì mí, àyà mi ń já, ọkàn mi ò balẹ̀. Ọmọ ọdún 14 dé láti iléèwé, ó ju báàgì sílẹ̀. Bí ìyá rẹ̀ bá ní, "Ta lò ń fajú ro sí?" ìyẹn á pa á lẹ́nu mọ́. Àmọ́ bó bá ní, "Ó jọ pé wọ́n dójú tì ẹ́ lónìí," tó sì dákẹ́, á jẹ́ kí ọmọ rí ọ̀rọ̀ dì mú, kódà bó bá fẹ́ sọ pé kì í ṣe ìtìjú, ìbínú ni. Ọmọ tó bá ti lè ya ìtìjú sọ́tọ̀ sí ìbínú nínú ara rẹ̀ á tètè dá a mọ̀ lójú ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ìyìn náà ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é. "O fọ abọ́ láìjẹ́ pé a rán ẹ, o ṣeun" ti tó. Bí "ṣùgbọ́n àná ńkọ́?" bá tẹ̀ lé e, ẹ ti gbà á padà.

Wọ́n dán ètò yìí wò lára ìdílé 552, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2018. Lẹ́yìn oṣù 5 sí 9, àwọn òbí ní lílù ọmọ ti dínkù, ọkàn àwọn náà sì fúyẹ́; ọtí àti oògùn olóró dínkù láàárín àwọn ọmọ. Àmọ́ àwọn ọmọ kò sọ pé ìbànújẹ́ ọkàn àwọn dínkù. Ọmọ tí kò jẹun mọ́, tí kò rí oorun sùn, tàbí tó ń sọ pé ayé sú òun, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Ìpàdé 7 àti 11 dá lórí ìṣúná owó. Ẹ má fò wọ́n. Ìyá tó ń ronú owó oúnjẹ ọ̀la, etí tí yóò fi gbọ́ tọmọ kì í sí nílé.