Ọkọ̀ wà, atukọ̀ ni kò tó: àyẹ̀wò Iléeṣẹ́ Ológun Ojú Omi Ireland

Òkun tí Ireland gbọ́dọ̀ ṣọ́ fẹ̀ tó 880,000 kìlómítà onígun mẹ́rin, ó fi ìlọ́po púpọ̀ ju ilẹ̀ rẹ̀ lọ. Àwọn wáyà íntánẹ́ẹ̀tì tó so Yúróòpù mọ́ Amẹ́ríkà gba ìsàlẹ̀ omi yẹn kọjá. Ibùdó kan ṣoṣo ni gbogbo iṣẹ́ náà ti ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn Haulbowline, erékùṣù kan nínú èbúté Cork.

Tó bá jẹ́ ọkọ̀ ni ká wò, kò sóhun tí a fẹ́ bù kù. Mẹ́rin ni wọ́n kọ́ ní Appledore nílẹ̀ England láàárín 2012 sí 2018: Samuel Beckett, James Joyce, William Butler Yeats àti George Bernard Shaw. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà 90, ìbọn ńlá mìlímítà 76 wà níwájú rẹ̀, ó sì lágbára láti dúró nínú ìgbì Àtìláńtíìkì nígbà òtútù. Èèyàn 44 ló ń tù ú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le nìyẹn. Kí 44 tó lè wà lórí omi lóòótọ́, orúkọ tó wà nínú ìwé gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ẹnì kan á wà ní ìsinmi, ẹnì kan á wà lẹ́nu ẹ̀kọ́, ara ẹlòmíràn kò sì ní yá. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹnikẹ́ni ló lè dípò ẹnikẹ́ni. Bí ẹni 43 bá ti pé, tí mẹkáníìkì ẹ́ńjìnnì tó ní ìwé ẹ̀rí kò sí níbẹ̀, ọkọ̀ ò ní kúrò ní èbúté. Bákan náà ni fún oníṣẹ́ iná àti ẹni tó ń tọ́jú rédíò. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni pé kí wọ́n fa olùkọ́ kúrò ní kíláàsì wá sínú ọkọ̀. Ọkọ̀ náà á lọ lóṣù yìí, ṣùgbọ́n àwọn tí olùkọ́ yẹn ì bá kọ́ kò ní í yege lásìkò, àlàfo tó ń bọ̀ lọ́dún tó tẹ̀lé e á sì tún fẹ̀ sí i. A kà á sí àṣìṣe tó burú jù nínú gbogbo ètò náà.

Òṣìṣẹ́ 1,094 ló yẹ kó wà. Iye tó wà gan-an ti wálẹ̀ débi pé kò tó 800 mọ́. Ní July 2022, wọ́n yọ ọkọ̀ mẹ́ta kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà: Eithne, Orla àti Ciara. Ní January 2023, wọ́n kéde pé Róisín àti William Butler Yeats náà á dúró nítorí àìtó atukọ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́lẹ̀ kì í sinmi o: rọ́bà inú ẹ́ńjìnnì á gbẹ, bátìrì á kú, ìpata á jẹ irin, ewéko òkun á sì bo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó ṣì nílò mẹkáníìkì tí kò sí yẹn.

Lọ́dún 2023 kan náà ni ọkọ̀ méjì tí wọ́n rà lọ́wọ́ New Zealand gúnlẹ̀. Mítà 55 ni wọ́n, wọn kò gba èèyàn púpọ̀, orúkọ wọn tuntun sì ni Aoibhinn àti Gobnait. Òkun Irish tí kì í ru tó Àtìláńtíìkì ni wọ́n rà wọ́n fún, ìrònú tó mọ́gbọ́n dání nìyẹn. New Zealand fúnra rẹ̀, orílẹ̀-èdè kékeré mìíràn, ti so ọkọ̀ mẹ́ta mọ́lẹ̀ ní 2022 nítorí ìṣòro kan náà.

Ilé ẹ̀kọ́ wọn dára gan-an. National Maritime College ní Ringaskiddy, tí wọ́n ṣí ní 2004, ní ẹ̀rọ tó ń ṣàfarawé yàrá awakọ̀ àti yàrá ẹ́ńjìnnì, ó tún ní adágún tí wọ́n ti ń kọ́ bí èèyàn ṣe ń yè nínú ìgbì. Àwọn atukọ̀ ọkọ̀ ọjà náà ń kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Àmọ́ ó ń tó ọdún mẹ́rin kí mẹkáníìkì kan tó pé, àwọn iléeṣẹ́ oògùn tó yí èbúté Cork ká sì ń wá irú ọwọ́ kan náà fún ẹ̀rọ wọn. Àwọn yẹn á jẹ́ kó sùn sílé lálaalẹ́.

Ètò €10,000 tí ìjọba gbé jáde ní 2021 wà nígbà yẹn fún ẹni tó bá ti lò ju ọdún mẹ́ta lọ lẹ́nu iṣẹ́, tó sì fọwọ́ sí ọdún méjì lórí omi. Ó dá àwọn kan dúró. Ní tiwa, àwọn tuntun ló yẹ kó kọ́kọ́ kàn, torí àwọn ni omi òkun ń tètè sú. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba yàn láti yẹ iṣẹ́ ológun wò jábọ̀ ní February 2022, ọ̀kan lára ọ̀nà tó là sílẹ̀ sì ni owó púpọ̀ àti ọmọ ogun 11,500 lápapọ̀ fún ológun ilẹ̀, òfuurufú àti omi. Ìjọba mú ọ̀nà yẹn, ó fi €1.5 bílíọ̀nù lọ́dún ṣe àfojúsùn rẹ̀ fún 2028.

Fún ọ̀dọ́ tó ń gbé ní Dublin tàbí Cork, tí kò tíì pé ọmọ ọdún 39 tí wọ́n fi ṣe òpin ọjọ́ orí, iṣẹ́ ọwọ́ tí èèyàn ń kọ́ níbẹ̀ tó ohun tí à ń forúkọ sílẹ̀ fún. Kó bèèrè ohun mẹ́ta kó tó fọwọ́ sí ìwé: ọjọ́ mélòó ni ọkọ̀ ń lò lórí omi kó tó padà sílé, ṣé yàrá wà ní Haulbowline fún ẹni tí kò rílé háyà ní Cork, àti pé lẹ́yìn ẹ̀kọ́ mẹkáníìkì, ọdún mélòó ló gbọ́dọ̀ fi sìn kó tó lè lọ.