Ẹ ṣọ́ra o: wọ́n ń ta ògbólógbòó Carrier bí ọmọ ọdún kan

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹyẹlé ọ̀ṣọ́, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń wá English Carrier, irú ẹyẹlé kan tí ẹran máa ń hù yí ìdí àgógó rẹ̀ ká, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni.

Ẹnì kan ta takọtabo Carrier fún mi. Ó ní wọn ò tíì ju ọmọ ọdún kan lọ, ọdún ìbí tó wà lára òrùka ẹsẹ̀ wọn sì bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu. Ẹran tó hù yí ìdí àgógó akọ ká tóbi, ó ki, ó funfun bíi pé wọ́n bu ẹfun sí i. Ohun tó wọ̀ mí lójú nìyẹn, òun gan-an ló sì yẹ kó ta mí lólobó. Ẹran yẹn kì í tètè hù. Ti Carrier ọmọ ọdún kan ṣì máa ń kéré; ó ń tó nǹkan bí ọdún 3, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó tó kún. Kò sí oúnjẹ tó lè mú un yá, ohun yòówù tí wọn ì báà sọ fún yín.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni abo yé, ẹyin méjì méjì. Wọ́n sàba. Nígbà tó di ọjọ́ keje, mo gbé ẹyin síwájú ìmọ́lẹ̀ láti wo inú rẹ̀: ó mọ́ gaara, kò sí iṣan ẹ̀jẹ̀ kankan nínú rẹ̀, ìyẹn ni pé kò sí ọmọ níbẹ̀. Ìgbà tí mo wá jókòó ti akọ níbi tó ti ń jẹun ni mo rí i pé ẹ̀gbẹ́ àgbàdo ló ń sọ, kì í ba àgbàdo. Ẹran etí ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ẹyinjú. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an.

Mo gbé e, mo fi èékánná tọ ara òrùka rẹ̀ yípo. Èékánná mi há síbì kan. Wọ́n ti gé e, wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ padà! Òrùka tòótọ́ kì í ní ojú ibi tí wọ́n gé. Ọmọ ẹyẹlé ọjọ́ 7 sí 10 ni wọ́n ń fi í sí lẹ́sẹ̀, nígbà tí ìka rẹ̀ ṣì rọ̀. Tó bá ti dàgbà, kò lè wọlé mọ́.

Nítorí náà, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ya fídíò ẹsẹ̀ ẹyẹ, kó yí òrùka náà ká díẹ̀díẹ̀. Láti àyà sókè ni gbogbo fídíò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi. Mo béèrè ẹsẹ̀, ó ní ẹ̀rù á ba ẹyẹ, mo sì gbà á gbọ́. Ní báyìí, kì í gbé ìpè mi mọ́, ó sì ṣì ń tajà.

Àwọn méjèèjì ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Abọ́ tó jìn ni mo fi ń fún akọ lóúnjẹ, kó lè máa rí nǹkan ṣà jẹ.