Oṣù mẹ́ta tí mo fi kọ́ ẹ̀hun gbólóhùn èdè Jàpáànù lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Ọjọ́ tí olùkọ́ kọ gbólóhùn mẹ́ta sójú pátákó ni mo mọ̀ pé owó mi kò wọgbó.

Ohun tí mo ti gbọ́ tẹ́lẹ̀ ni pé ìparí gbólóhùn ni ọ̀rọ̀-ìṣe ń wà nínú èdè Jàpáànù, ṣùgbọ́n ibi tó bá wuni la lè gbé olùwà àti àbọ̀ sí, torí 'ga' ló ń fi olùwà hàn, 'o' sì ń fi àbọ̀ hàn. Èmi tí mo mọ̀ pé 'Adé na Òjó' yàtọ̀ sí 'Òjó na Adé', mo gbà pé ṣe ni wọ́n kàn sin ọ̀rọ̀ wọn bí ìlẹ̀kẹ̀. Kenneth Hale, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè, pàápàá ti dá irú àbá bẹ́ẹ̀ ní 1980. Iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé tí Mamoru Saito àti Hajime Hoji, àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè, ṣe lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní 1985 ló ta ko ìyẹn gidigidi.

Ẹ wo ẹ̀rí kan. 'Gakusei ga sannin hon o katta': akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ra ìwé. 'Sannin' ni mẹ́ta tí wọ́n fi ń ka ènìyàn, 'sansatsu' ni ti ìwé. Bí 'sannin' bá wá bọ́ sẹ́yìn ìwé, 'gakusei ga hon o sannin katta', kò dún dáadáa létí wọn mọ́. Ṣùgbọ́n 'hon o gakusei ga sansatsu katta' já gaara, bẹ́ẹ̀ olùwà ló dúró láàárín ìwé àti iye rẹ̀! Kí ló fà á? Inú àpólà-ìṣe, ìyẹn ọ̀rọ̀-ìṣe àti ohun tó so mọ́ ọn, ni ìjókòó àbọ̀ wà. Bó tilẹ̀ dìde lọ síwájú, bí a ṣe ń sọ pé 'Ìwé ni Adé rà', iye rẹ̀ ṣì ń ṣọ́ ìjókòó náà. Olùwà ò jókòó níbẹ̀ rí, kò lè fi iye sílẹ̀ níbẹ̀. Mo pariwo nínú yàrá mi lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ohun tó dùn mí ni pé wọn ò sọ fún wa pé àwọn kan máa ń gba gbólóhùn kejì yẹn bí ohùn bá dánu dúró díẹ̀ kí iye tó wọlé. Ọ̀rẹ́ mi ọmọ Jàpáànù ló là mí lóye. Wọ́n tún sáré kọjá lórí 'zibun' ('ara ẹni'), ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń tọ́ka sí olùwà, tí kì í fẹ́ tọ́ka sí àbọ̀. Ẹ̀rí tó lágbára nìyẹn náà, ogún ìṣẹ́jú kò tó o.

Bí ẹ bá kàn fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn, ẹ wá kíláàsì mìíràn. Èmi ti sanwó ìpele kejì.